Ilé Méje Nínú Òkìtì Àlùbọ́sà

Ogún kọ́bọ̀ ni mò ń ta òkìtì kan, àlùbọ́sà méje, ní ọjà Kétu nígbà náà. Ẹni tí kò bá mọ ọjà ná ló ń san án pé. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi ní bí mo bá sọnù sínú èrò, imú lòun máa fi wá mi rí.

Ìyá àgbà kan wà, ará Síríà, tí ọkọ ọmọ rẹ̀ ń ta irin ní Owódé. Ó ti pẹ́ l'Ékòó débi pé Yorùbá ló fi ń bú èèyàn. Á jókòó sórí àpótí mi, á ná òkìtì kan wá sí kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ìtàn kan náà ni: ìyàwó kan ń kúrò lábúlé wọn, ó yà sílé méje, ilé kọ̀ọ̀kan bu ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì fún un, ó sì gbé e sọdá òkun. Tẹ́lẹ̀, àwọn ará Síríà máa ń pé jọ sílé ìyá yìí, wọ́n á jọ pe orúkọ ilé méjèèje. Àwọn àgbà yẹn ti kú tán.

Á ní, "Àwọn ọmọ mi ní ariwo lásán nìtàn yìí. Ìwọ gbọ́ ọ, ẹlẹ́nu bí abẹ."

"Ìyá, ẹ sanwó ná, kí etí mi lè là."

Kí n má purọ́, n kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Àmọ́ n kò mọ̀wé, àwọn orúkọ náà sì dùn-ún fi ka àlùbọ́sà: méje nilé, méje ni àlùbọ́sà inú òkìtì.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin dé pẹ̀lú aṣọ dúdú àti ìwé.

"Aunty, ìyá mi ti kú. Lọ́la ni ogójì ọjọ́ wọn, èmi ni mo máa sọ ìtàn náà fáwọn èèyàn wa. Ilé méjì péré ni mo rántí, wọ́n sì máa ń ní ẹ̀yin lẹ ń gbọ́ ìtàn àwọn. Bí n kò bá pe ìyókù, wọ́n parẹ́ nìyẹn."

Mo fa òkìtì kan sún mọ́ra. Ọwọ́ mi bá mú àlùbọ́sà. "Ilé oníyọ̀. Ilé afọ́jú. Ilé onígi ólífì..."

"Alálùbọ́sà ti di àlùfáà!" aláta ẹ̀gbẹ́ mi pariwo.

Mo to ó dé èkeje: "Ilé tiwa." Ọmọ náà ń kọ ọ́, ó ń sunkún. Èmi, àlùbọ́sà tó ti jẹrà nínú wọn ni mò ń wò.

Títí dòní, bí mo bá ń to òkìtì, abúlé tí n kò dé rí ń gba ìka mi kọjá. Ojú mi kì í ṣomi. Àlùbọ́sà gan-an kò rí i ṣe.

"Èló ni òkìtì yìí?" ọmọ ìyá náà bi mí lọ́jọ́ yẹn, ó ń nu ojú.

"Ogún kọ́bọ̀."

Kò ná an, ó san án pé. Ìyá rẹ̀ kò san ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ rí. Kọ́bọ̀ márùn-ún ni mo jèrè nínú ikú ìyá náà.