Gìgísẹ̀ Bàbá Òkè

Kí n tó mọ ojú bàbá tó ń gbé lókè flat mi ní Peckham, gìgísẹ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n á máa fọn orin blues lórí háámóníkà, wọ́n á sì máa fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀: gbì, gbì, gbì. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ní Old Kent Road, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń bọ́ ọ kí wọ́n tó fọn háámóníkà, kódà ní studio. Wọ́n ní, "Èémí Ọlọ́run ni mò ń lò. Mi ò lè fi bàtà dúró tì í."

Láìpẹ́ yìí, ilé iṣẹ́ àwo orin kan tún àwo tí Bàbá ṣe nígbà ọ̀dọ́ gbé jáde. Mo gòkè lọ bá wọn yọ̀, mo ka ẹ̀yìn páálí àwo náà sí wọn létí. Àwọn tó kọ ọ́ yin háámóníkà, wọ́n wá yin onílù, pé ó mà ṣe o, ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀.

"Onílù wo?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi àti onígìtá nìkan la wà níbẹ̀!"

Inú bí mi. "Daddy, ẹ jẹ́ n email wọn now, kí wọ́n correct ẹ̀."

"Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Gìgísẹ̀ tó ń gbé mi kiri látọjọ́ yìí, ta ló kí i rí?"

Èémí wọn ò gbé háámóníkà mọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fi àwo yẹn sórí ẹ̀rọ, màá pa tẹlifíṣọ̀n mi, màá gbójú sókè. Gbì, gbì, gbì. Onílù tí wọn ò mọ̀, òkè àjà mi ló wà.