Okùn Ọwọ́ Mummy

Nílé iṣẹ́ wa ní Covington, lókè òkun níbí, kò sẹ́ni tó lè jókòó ti tábìlì láìso okùn mọ́ ọrùn ọwọ́. Bọ́ọ̀dù la ń tò níbẹ̀, pátákó aláwọ̀ ewé tó máa ń wà nínú ikùn fóònù àti rédíò. Iná kékeré kan wà lára èèyàn, òun ló máa ń ta wá lọ́wọ́ nígbà òtútù tí a bá di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Àwa á kàn fò sókè, á tán síbẹ̀. Bọ́ọ̀dù ní tiẹ̀, kíkú ló ń kú. Okùn yẹn, tí a ń ki ìdí rẹ̀ bọ ihò kan lábẹ́ tábìlì, ló ń fa iná náà kúrò lára wa lọ sílẹ̀.

Obìnrin ará Ṣáínà ni ọ̀gá wa. Shenzhen ló ti wá, ìlú tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ sí bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe pọ̀ sí Èkó. Tí a bá ń jẹun ọ̀sán, á máa sọ fún wa bí àwọn ọmọge mẹ́jọ ṣe ń sùn nínú yàrá ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí bẹ́ẹ̀dì gun bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n jọ ń fọ irun ara wọn lọ́jọ́ ìsinmi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀ tú okùn ọwọ́ rẹ̀ torí ó ń yún un. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lé e níṣẹ́, ó sì di ẹrù kúrò ní yàrá, torí iṣẹ́ ló ni bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá kì í rẹ́rìn-ín tó bá dé ibẹ̀ yẹn.

Mummy tó ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi kì í ṣe ìyá tó bí mi. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Decatur la ti mọra, èmi ni mo sì mú un wá síbi iṣẹ́. Wọ́n ṣì ń dán an wò. Tí wọ́n bá gbà á tán, insurance tó ń sanwó ìwòsàn rẹ̀ máa ká Daddy, ọkọ rẹ̀, tí kíndìnrín ń dà láàmú, mọ́ ọn. Ohun tí gbogbo ilé náà gbójú lé nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò yẹn máa parí gan-an ni bọ́ọ̀dù wa bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Thursday, ọ̀gá ní ẹni tóun bá bá láìso okùn, ilé ló ń lọ. Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń yẹ okùn wò dání, ó ń ti ìdí tábìlì kan bọ́ sí ìdí èkejì. Mo yọjú wo abẹ́ tábìlì wa. Okùn Mummy wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ń fì dirodiro, kò sí nínú ihò.

"Mummy, okùn yín ti yọ o."

"Kò yọ. Èmi ni mo yọ ọ́."

"Ha! Kí ló dé?"

"Ṣé ìwọ ò wá sí revival ni? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ la fi ń pariwo pé gbogbo okùn tí ayé fi so wá mọ́lẹ̀, já! Kí n wá fi ọwọ́ ara mi so ó padà láàárọ̀? God forbid!"

Inú bí mi dé góńgó. Ká ní ẹgbẹ́ mi ni, ǹ bá ti fa ọwọ́ náà so. Ṣùgbọ́n àgbà ni, kò ṣeé jágbe mọ́, ọ̀gá sì ti ń sún mọ́ wa.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mo kúnlẹ̀ fún yín." Mi ò lè kúnlẹ̀ lóòótọ́, okùn tèmi ò gùn tó bẹ́ẹ̀. "Ẹ ro ti Daddy."

"Ọlọ́run tó ń wo Daddy ló ní kí n má ṣe ẹrú."

"Ẹ̀wọ̀n kọ́ ni, Mummy. Ẹ kà á sí okùn ìwọ́. Ọmọ inú kì í bá okùn ìwọ́ jà."

Mummy wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì, ó ń wá ihò náà, kò rí i. Ọ̀gá ti dúró lẹ́yìn wa.

Ó wo okùn, ó wo Mummy. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki okùn náà bọ ihò, lẹ́yìn náà ló ní kí Mummy gbé báàgì rẹ̀, kó tẹ̀ lé òun. Mo bú Mummy nínú ọkàn mi, mo bú revival, mo tún bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí. Mo sunkún sórí bọ́ọ̀dù.

Lọ́sàn-án ni mo tó rí Mummy níbi tí wọ́n ti ń di páálí. Wọn kì í so okùn níbẹ̀. Ọ̀gá ti sọ fún mánéjà pé ojú ìyá náà ò gbé iṣẹ́ wínníwínní mọ́, àmọ́ ó lè di páálí dáadáa. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó ní kí n jẹ oúnjẹ mi. Ó ní títí dòní, òun ò mọ ibi tí ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n lé ní Shenzhen gbà lọ.

Wọ́n gba Mummy síṣẹ́. Ló bá pe ọ̀gá wá síbi ìdúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mummy gba máíkì.

"Praise the Lord! Wọ́n so mí lókùn mọ́ tábìlì níbi iṣẹ́, Ọlọ́run já a! Mi ò jókòó síbẹ̀ mọ́!"

Ìjọ hó yèè. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń pàtẹ́wọ́, ó bi mí léèrè ohun tí Mummy ń sọ. Mo ní Mummy ní ẹnì kan dá òun sílẹ̀.

Ó bi mí pé ta ni.

Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, mo ní ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni.