Ẹnu Méjì Lórí Agbọ̀n Tòmátì Kan

Tọ́rọ́ ni ìgò epo òyìnbó kan ní Aràmọ̀kọ nígbà tí mo wà ní ìwé kẹta. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí kò sí òwúrọ̀ tí Yèyé mi kì í sọ ọ́ sí mi létí. Òórùn epo náà ló máa ń jí mi. Yèyé á ti tan fìtílà kí ilẹ̀ tó mọ́, á jókòó ti agbọ̀n, á máa ṣa tòmátì, èyí tó le sí ìsàlẹ̀, èyí tó rọ̀ sókè. Bó bá rí i pé mo ti lajú, á mi ìgò epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

"Bọ́lá, ìwé rẹ tún ti mu epo mi lánàá. Gẹ̀ẹ́sì tí ò bá lè ra epo ara ẹ̀, mà á pa fìtílà ẹ̀."

Kò fi ṣeré o. Bí Gẹ̀ẹ́sì mi kò bá mú nǹkan wọlé kí òjò ọdún yẹn tó tán, ìwé kíkà alẹ́ parí nìyẹn.

Yèyé kò jókòó nílé ìwé rí, ṣùgbọ́n ọjà títà, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Lọ́jà Ìjerò, ẹnu ẹni tó ń rajà ló fi ń tà fún un. Bí ìyá Ẹ̀fọ̀n kan bá dúró, uṣu ló ń tà. Bí awakọ̀ Ìbàdàn bá dúró ti ìyá náà, uṣu yẹn kan náà di iṣu, kò sì ní ṣẹ́jú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń pè é ní ẹlẹ́nu méjì. Yèyé á dá a lóhùn pé, "Ẹlẹ́nu kan ló ń ru ọjà ẹ̀ padà sí ulé."

Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ṣe lórí òkè, níbi tí àwọn olùkọ́ ilé ìwé girama ń gbé. Òyìnbó méjì ló wà níbẹ̀. Míìsì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni. "Tọmáàtò" ló ń wí, bí ẹni tó fẹ́ yán. Ọ̀dọ́kùnrin ará Amẹ́ríkà ni ẹnì kejì; "tòméètò" ni tirẹ̀, imú ló ń gbà jáde. Ní ẹnu ọ̀nà Míìsì, mo máa ń yán. Ní ti ará Amẹ́ríkà, imú ni mo fi ń polówó. Olúkúlùkù gbà pé òun ló kọ́ mi. Inú wọn á dùn, wọ́n á rà díẹ̀díẹ̀, màá sì gbé ṣílè méjì délé. Ṣílè méjì yẹn náà ni agbọ̀n kan ń pa lọ́jà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ Gẹ̀ẹ́sì. Yèyé á kà á, á wo fìtílà, á wò mí.

Ọjọ́ Sátidé kan, mo gun òkè, mo bá àwọn méjèèjì ní fàráńdà kan ṣoṣo. Tòmátì ọjọ́ náà ti rọ̀ kọjá ààlà, kò lè di ọjọ́ kejì. Míìsì nàka sí mi, ó ní kí ẹnì kejì wá gbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ òun. Ará Amẹ́ríkà ní akẹ́kọ̀ọ́ ta ni, tòun ni. Wọ́n ní kí n polówó ọjà mi kí àwọn gbọ́. Kúkù wọn, ará Ìjurìn kan tí inú rẹ̀ kì í dùn sí ẹnikẹ́ni, jáde láti ilé ìdáná kó lè rí bí wọ́n á ṣe lé mi.

"Ẹlẹ́nu méjì," ó ní, "èwo lo máa gbé mì lónìí?"

Mo rántí Yèyé láàárín ìyá Ẹ̀fọ̀n àti awakọ̀ Ìbàdàn. Mo sọ agbọ̀n kalẹ̀. Mo kọjú sí Míìsì, mo yán. Mo kọjú sí ará Amẹ́ríkà, mo fi imú pè é. N kò ṣẹ́jú.

Wọ́n wo ara wọn, ni ẹ̀rín bá pa wọ́n. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni àríyànjiyàn dé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú: "bànáánà" lẹ́nu Míìsì, "bànẹ́ẹ̀nà" lẹ́nu ẹnì kejì. Wọ́n kúrò lórí ìyẹn, wọ́n bọ́ sórí bí wọ́n ṣe ń pe ilé ìwẹ̀. Ibẹ̀ ni Míìsì ti jẹ́wọ́, kúkù ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi, pé ní ìhà àríwá ilẹ̀ àwọn, níbi tí wọ́n ti bí bàbá òun, bí ará Amẹ́ríkà yìí ṣe ń pe ìwẹ̀ ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sì fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi darúgbó.

Kúkù mirí. "Ẹ̀fọ̀n àti Ìbàdàn wà lọ́hùn-ún náà," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀.

Èmi ń ṣa tòmátì mi. Yèyé ti kọ́ mi pé ẹni tó bá ń jà lórí orúkọ ọjà ti rà á tán. Ará Amẹ́ríkà ní òun á ra ìdajì, Míìsì ní gbogbo rẹ̀ lòun á kó, ẹnì kejì fowó lé e. Kò sí ẹni tó rántí láti nájà.

Lónìí mo ń ta àwo ní Ẹ̀fọ̀n, n kò sì kọjá ìwé kẹfà. Ọmọ ọmọ mi tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ẹnu mi kò jọ tiwọn. Mo bi í pé tiwọn ti apá ibo? Gbogbo ọgbọ́n tí mo fi ń tajà láti ìgbà yẹn, ọmọbìnrin orí fàráńdà yẹn ti ní in. Ọ̀rá ara nìkan ni mo fi kún un.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Yèyé kò yìn mí. Ó tú owó sórí ìró, ó kà á, ó tún un kà, ó sì na ìgò epo sí mi pé kí n sáré lọ rà wá. Ṣílè méjì àti tọ́rọ́ ló bá níbẹ̀.