Reluwé Inú Oko Kòkó

Bí epo pupa bá kán sórí irin gbígbóná nílé ìdáná mi, Ìgbájọ ni ọkàn mi ń lọ. Epo pupa ni Bàbá àgbà fi ń pa ẹsẹ̀ reluwé kékeré tó ṣe sínú oko kòkó fún àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọdún Àjíǹde kan, ó tì wá dé ìdí igi obì, ó dúró.

“Bàbá, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?”

“Ẹ máa lọ. Ẹ pariwo gan-an o.”

A ń hó yèè kọjá lára sìmẹ́ńtì funfun kan tó kéré bí ibùsùn ọmọdé.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ibojì ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, àti pé òbí kì í fojú kan ibojì ọmọ.

Nígbà tí a ti reluwé náà padà lọ́jọ́ náà, Bàbá ṣì kẹ̀yìn sí ọ̀nà náà.

“Ṣé ẹ pariwo débẹ̀?”

“A pariwo, Bàbá.”

“Ẹ tún lọ.”