Ìnujú Bàbá Ìjọ

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ìjọ wa gba inú pálọ̀ kan ṣoṣo ní Ajégúnlẹ̀, pálọ̀ èmi àti ọkọ mi, tí a máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì wa nàró sára ògiri ní àárọ̀ Sọ́ńdè kí àyè lè gba bẹ́ǹṣì. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlé bá wa, a ó ká ẹsẹ̀ sókè, a ó sì máa gbàdúrà lọ. Bàbá Ìjọ tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá láàárín ọ̀sẹ̀. Eruku sìmẹ́ǹtì ti ba àyà rẹ̀ jẹ́; bó bá wàásù débì kan, èémí rẹ̀ á fẹ́ẹ́ tán. Kí ìjọ má bàa fura, ó bá mi dá ọgbọ́n kan: bó bá ti fi ìnujú funfun rẹ̀ nu iwájú orí, kí n gbé orin. Kí a tó kọ ọ́ tán, èémí rẹ̀ á ti padà.

Kò sí ẹni tó mọ̀ àfi àwa méjèèjì, ìyẹn sì dùn mọ́ mi ju ẹran ọdún lọ. Ọmọ ìmàle ni mí láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Orin wákà ni mo fi la ohùn, nígbà tí a bá ń lọ pàdé àwọn tó ti Mẹ́kà dé. Ọkọ ló mú mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn ló mú mi dúró. Mi ò mọ ìwé, ẹwà mi ò sì pọ̀ títí, ṣùgbọ́n bí mo bá lanu, àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà Boundary á dúró létí fèrèsé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lọ mọ́. Bí ìjọ ṣe ń pọ̀ sí i nìyẹn, mo sì gbà lọ́kàn ara mi pé èmi ni mò ń mú un dàgbà, àdúrà kàn ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn ni.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, àwọn èèyàn ya wọ Ajégúnlẹ̀ láti ibi gbogbo. Pálọ̀ kò gbà wá mọ́, a bọ́ sí àgbàlá, a ta tapólì. Ìgbà yẹn ni ìyàwó Ùròbò kan dé, tí ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà. Ó kéré sí mi, Yorùbá rẹ̀ kò sì ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Èmi náà ni mo fún un láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò mọ̀ pé mò ń fọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Ní Sọ́ńdè kan, Bàbá Ìjọ nu iwájú orí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa èémí sínú ni ọmọ Ùròbò yìí ti gbé orin Píjìn kan. Ìjọ dìde! Ìgbò, Ìlàjẹ, àní àwọn Yorùbá tèmi tí wọn kì í mira bí mo bá ń kọrin, gbogbo wọn ń jó, tapólì ń mì. Mò ń pàtẹ́wọ́, mò ń rẹ́rìn-ín, inú mi ń ta mí bí ata. Ìyá mi a máa wí pé òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ọjọ́ náà ni mo mọ ohun tó ń sọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo tọ Bàbá Ìjọ lọ.

"Bàbá, ṣé ẹ sọ fún un ni?"

"Kí ni mo sọ?"

"Ọ̀rọ̀ ìnujú."

Ó ní òun kò tíì sọ fún ìyá ilé òun pàápàá. Mo wá lọ dúró de ọmọ náà nídìí ẹ̀rọ omi. "Who tell you say make you raise song when Baba clean face?"

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Mama, abeg, no vex. I no know anything about Baba face. Na you I dey look. If song wan come, your chest dey rise first."

Ìyẹn ló wá dùn mí jù. Ká ní ó jí i lọ́dọ̀ Bàbá ni, ǹ bá fẹjọ́ sùn. Àyà tèmi ló ti kà á! Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í há èémí mọ́ra kí àyà mi má bàa gbé sókè. Ta ló ń kọrin láìmí? Ohùn mi ń gbọ̀n, tirẹ̀ ń là, ìjọ sì ń pọ̀ sí i.

Lásìkò tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kún orí omi Àpápá, a kọ́ ilé ìjọsìn tiwa. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún: kó jẹ́ pé èmi ni màá gbé orin àkọ́kọ́ nínú ilé náà. Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, Bàbá Ìjọ pè mí síwájú, ó ní, "Láti òní lọ, ìwọ ni Ìyá Ìjọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Wọ́n hó yèè, ọkọ mi ń yán bí akọ ẹṣin. Wọ́n fi mí jókòó sórí àga aláṣọ pupa. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ kì í gbé orin mọ́. Àdúrà ló ń gbà fún olórin. Bàbá Ìjọ wàásù títí, ó mú ìnujú jáde, ojú rẹ̀ bọ́ sára mi, ó sì kọjá lọ sára ọmọ Ùròbò yẹn. Mo sunkún. Wọ́n ní ẹ̀mí ló bà lé mi.

Bàbá Ìjọ ti sùn nínú Olúwa báyìí. Ìjọ ti ní ẹ̀ka títí dé Ìjọ́ra Badia, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà níbi tí tapólì wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà pásítọ̀ òde òní kì í làágùn. Wọ́n ti fi ìyàwó Ùròbò náà jẹ oyè. Àga tirẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, iná lọ. Pásítọ̀ mú ìnujú jáde, ó nu ojú. Èémí ti kún inú mi kí ọmọbìnrin kan tó di máíkì mú tó gbé orin.

"Màmá," ni ìyàwó Ùròbò náà rọra wí láti orí àga tirẹ̀, ó ti gbọ́ Yorùbá dáadáa báyìí, "ó ṣì ń dùn yín, àbí?"

Mo ti ń wá èsì líle tí màá fún un nígbà tí mo yíjú wò ó. Àyà tirẹ̀ náà ti gbé sókè. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, inú mi dùn.