Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Rẹ̀

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, nílé ìwòsàn eyín kan ní Ìkàrẹ́. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: dókítà, èmi, àti obìnrin tó ń darí akọrin ìjọ wa.

Àgbọ̀n rẹ̀ wọ́ sí òsì. Bí a bá fẹ́ ya fọ́tò, á yí ẹ̀gbẹ́ náà sí ògiri. Bó bá ń jẹ àgbàdo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa dún kẹ́kẹ́, á ní, "Ilẹ̀kùn mi ló ń dún, ẹ máa jẹun yín." Ó gbà pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi kọ̀ láti fẹ́ mi: "Bàbá Ṣọlá, ẹ ti tọ́jú ìyàwó aláìsàn kan títí ó fi kú. Mi ò ní jẹ́ ìkejì."

Dókítà gbé àwòrán egungun rẹ̀ sókè. "Màmá, kì í ṣe rọpárọsẹ̀ rárá. Oríkèé àgbọ̀n yín lápá òsì ló ti gbó, òun ló fà á wọ́. A máa tọ́jú ìrora rẹ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ dókítà.

"Ṣé ojú mi á wá tọ́?"

"Ó lè má tọ́ tán, mà."

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Ṣé ẹ gbọ́?"

"Ṣé mo ní kó tọ́ ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀, kí ẹ yéé yọ mí lẹ́nu!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo di iṣu sẹ́yìn ọ̀kadà, mo kọrí sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀kà.