Awọ Ìkókó Lójú Egbò Bàbá Mi

Olóòlà ni bàbá mi. Kí wọ́n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ajah, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin abúlé wa, abẹ wọn ló kọ wọ́n nílà. Wọn á gé adọ̀dọ́ ọmọ, wọn á fọ́ ìdí ìgbín, wọn á kán omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ẹkún á sì rọlẹ̀. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sin awọ tí wọ́n bá gé sí. Wọn á wá sọ fún bàbá ọmọ pé, "Ó jìn dáadáa, ajá ò ní hú u." Bó bá ṣe díẹ̀, wọn á padà lọ tú aṣọ ojú ọgbẹ́, wọn á fi òwú tútù nu ohun tó bá ti kú síbẹ̀ kúrò. Lójú tiwọn, olóòlà tí kò bá padà lọ wo ojú iṣẹ́ rẹ̀, apànìyàn ni.

Ìṣó ló gún wọn lẹ́sẹ̀ níbi tí àwọn kan ti ń kọ́lé lẹ́yìn ilé wa. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ náà kú, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ìṣó wọlé. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti di egbò àdáàjinná. Mo gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ lórí títì márosẹ̀, láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ká gé e. Bàbá á ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́." Èmi náà á sì kanra mọ́ dókítà bí ẹni pé òun ló kan ìṣó.

Dókítà kan ní Oniru ló wá sọ̀rọ̀ awọ tí wọ́n ń gbìn lókè òkun. Adọ̀dọ́ ìkókó tí wọ́n kọ nílà ni wọ́n ti ń mú irúgbìn rẹ̀, àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí. Wọ́n á máa bọ́ ọ nínú abọ́ títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, bí èyí tó máa ń bo ojú ògì tó ti tutù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ta ara Bàbá jí kó lè hu awọ tirẹ̀.

Mo rò pé Bàbá á kọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. "Adọ̀dọ́? Èyí tí mo ti ń sin látọjọ́ yìí? Àwọn ọmọ yẹn ló wá san án padà fún mi."

Mo ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lọ́nà Eleko. Bàbá ló gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí igun rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ilẹ̀ náà ò lẹ́ni tó ni ín. Mo tà á ra awọ. N kò sọ fún wọn, torí mo mọ̀ pé wọn á ní kí n jẹ́ kí ẹsẹ̀ lọ.

Dókítà tẹ́ awọ náà sójú egbò, ó sì fi báńdéèjì dì í. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má ṣí i o. Tó bá ń yọ̀ bíi jẹ́lì, tó pọ́n rúsúrúsú, kì í ṣe ọyún. Iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn. Èmi fúnra mi ni màá ṣí i." Mo ní ó yé wa. Bàbá náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo bá Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n ti ká báńdéèjì dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìkarahun ìgbín wà nílẹ̀, òwú tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú wọn ń dùn.

"Wá wò ó. Awọ yẹn ti kú, ó ti ń yọ̀. Mo ti nù ún kúrò pátápátá. Wo bójú ẹ̀ ṣe mọ́."

Mo ké tí aládùúgbò fi sáré jáde. "Bàbá! Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣí i?"

"Iṣẹ́ mi mà ni."

Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣa awọ náà lára òwú, mo fẹ́ tẹ́ ẹ padà. Ó ń fà yọ̀ọ̀, n kò mọ èwo ni awọ, n kò mọ èwo ni omi ìgbín. Mo la ìkarahun yẹn mọ́ ògiri. Bàbá ń wò mí, ẹ̀rín ojú wọn sì ń lọ díẹ̀díẹ̀.

"Àbí kò tíì kú ni?"

Kò sí ilẹ̀ mìíràn tí mo lè tà. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ náà fi dúdú, wọ́n sì gé e nílé ìwòsàn, nísàlẹ̀ orúnkún.

Àwọn nọ́ọ̀sì fi aṣọ funfun wé e, wọ́n fi sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e fún mi. Mùsùlùmí ni wá, a kì í sọ ara èèyàn sí ààtàn. Ṣùgbọ́n ilé tí mo háyà ní Ajah, sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá rẹ̀. Mo wọ takisí, mo kọrí sí Eleko. Awakọ̀ ní kí n gbé ẹrù mi sí bùútù, mo ní rárá, orí itan mi ló wà títí a fi débẹ̀.

Ẹni tó ra ilẹ̀ ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà ní igun. Mo bẹ ọ̀gá àwọn bíríkìlà. Mo ní, "Ẹsẹ̀ bàbá mi ni." Ó mú ṣọ́bìrì fúnra rẹ̀, kò sì tíì gbẹ́lẹ̀ dé orúnkún tí omi fi yọ. "Àǹtí, omi ti dé o. Kò lè jìn ju báyìí lọ."

Nígbà tí mo padà dé ilé ìwòsàn, Bàbá lajú.

"Ṣé ó jìn dáadáa?"

"Ó jìn, Bàbá. Ajá ò ní hú u."

"Ilẹ̀ ta ni?"

"Ilẹ̀ wa ni. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín ni mo sin ín sí."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti rí ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú wọn. "Ó dáa. Bí mo bá kú, ẹ gbé ìyókù mi lọ bá a níbẹ̀."

Mo ní, "A ti gbọ́, Bàbá."